Okùn Ọgọ́rùn-ún Ọ̀pá

Ẹnu Mùnírù kì í sinmi. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ti ń wọ́ bọ̀ láti Àpápá, yóò gbé àga síwájú ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síta kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí wọn, yóò sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò wọ́n," ni yóò wí, tí yóò máa fi àgbọ̀n tọ́ka sí àwọn géńdé tó ń lọ. "Ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn adìyẹ. Kiréènì ti bá wọn gbé ẹrù tán, kí ló kù tí ọrùn yóò máa ṣe? Nígbà tiwa, orí wa ni kiréènì."

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé àwọn géńdé náà ṣẹ̀ ẹ́ ni. Wọn kò ṣẹ̀ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pátákó, pátákó náà ló sì ń pa á bí ọtí.

Ní ọdún 1961, nínú oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ àwọn aláàárù wọ́ọ̀fù ṣe eré sìmẹ́ńtì. Wọ́n á bu sìmẹ́ńtì dé ìdajì àpò, wọ́n á rán ẹnu rẹ̀ pa, olúkúlùkù á gbé e lérí, ọwọ́ kan ṣoṣo ni á fi dì í mú, á sì sá ọgọ́rùn-ún ọ̀pá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sá a, torí aago eré kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní. Mùnírù sá a ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógún géérégé. Ovie, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Sápẹlẹ́, ló ṣe ìkejì, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló fi tẹ̀lé e. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni ń da omi láti ojú fèrèsé, Mùnírù kì í sì í gbàgbé òjò yẹn bó bá ń pìtàn, torí ó mú kí ìtàn náà dùn sí i. "Nínú ẹrẹ̀!" ni yóò wí. "Ẹrẹ̀ dé mi ní kókósẹ̀!"

Nítorí òjò yẹn ni ẹgbẹ́ fi gbé eré kúrò nínú oṣù Kẹfà lọ sí oṣù Kìíní, nígbà ọyẹ́, kí ilẹ̀ lè gbẹ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ilẹ̀ gbẹ lóòótọ́. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bọ̀, wọ́n sá, wọ́n sá, kò sí ẹni tó kan mẹ́tàdínlógún Mùnírù. Orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó ní ilé ẹgbẹ́ ní Creek Road, ọ̀dà funfun lórí igi dúdú, fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rìnlá. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ẹnu rẹ̀ ń gbòòrò. Níkẹyìn ó búra níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá ré òun kọjá, òun Mùnírù yóò gbé ẹni náà lé èjìká láti Creek Road dé Boundary ní Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀sán, kí gbogbo ayé wá wò ó.

Ohun kan tún wà tó ń fi ṣe fáàrí. Òun ni olùtọ́jú okùn. Ẹgbẹ́ kò ní ohun tí wọ́n lè fi wọn ilẹ̀ nígbà tí wọ́n dá eré náà sílẹ̀, ni wọ́n bá bẹ atukọ̀ kan, ó gé okùn ọkọ̀ tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọ̀pá fún wọn, wọ́n fi òwú pupa di orí rẹ̀ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà gé e. Okùn náà ló ń sọ ibi tí eré yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí. Ilé Mùnírù ló ń gbé, lórí àjà ilé ìdáná, níbi tí èéfín Sàfíátù ìyàwó rẹ̀ ń kùn ún ní dúdú láti ọdún dé ọdún.

Ní ìparí ọdún 1975, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá pọ̀ lójú òkun Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí, Morádéún ọmọbìnrin Mùnírù wá bá bàbá rẹ̀ lórí àga. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Láti ìgbà tó ti tó ọmọ ọdún méje ló ti ń ru garawa omi láti ẹnu ẹ̀rọ wá sílé, ọrùn rẹ̀ sì dúró ṣánṣán.

"Bàbá, mo ti forúkọ sílẹ̀ fún eré sìmẹ́ńtì."

Mùnírù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé ọmọ náà kò bá òun rẹ́rìn-ín. "Ìwọ?"

"Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ lè fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ rọ́pò ara rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Linus akọ̀wé ti kọ orúkọ mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ kí ẹnu yín sinmi díẹ̀ ni, sà. Màmá náà fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Láti inú ilé ìdáná, wọ́n gbọ́ tí Sàfíátù húkọ́, irú ikọ́ ẹni tó ń gbé ẹ̀rín mì.

Nígbà tí Ovie gbọ́, ó fọwọ́ lu itan. "Mùnírù, your own pikin! Ọmọ tí o bí nínú ara rẹ! Ọlọ́run tóbi o." Láti ọjọ́ náà ló ti yan ara rẹ̀ ní olùkọ́ Morádéún. Ní àràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á lọ sí pápá lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́, níbi tí àmì eré ọdún tó kọjá ṣì wà, ọmọ á gbé àpò, Ovie á yá aago ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Linus. Mùnírù kò lọ wò wọ́n. Kí ló fẹ́ lọ wò? Mẹ́tàdínlógún ni mẹ́tàdínlógún ń jẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí eré wáyé ni Sàfíátù gbójú sókè wo àjà. Ojú tì í. Ọmọ òun ni yóò sá eré níwájú gbogbo ará wọ́ọ̀fù, okùn tó ti ilé òun wá yóò sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó sọ okùn náà kalẹ̀, ó rì í sínú àgbá omi ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́, ó sì sá a yí ọgbà ká.

Ibẹ̀ ni Mùnírù bá a nígbà tó dé. Ó ká a kúrò kí wọ́n má baà jí i. Bí aláàárù ṣe ń ká okùn ló ṣe ká a: láti àtẹ́lẹwọ́ yí ìgbọ̀nwọ́ po, padà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń kà á lábẹ́ ètè láìmọ̀ pé òun ń kà. Okùn náà a máa yí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ po nígbà àádọ́fà. Lọ́dọọdún ni, kì í dín, kì í lé. Lọ́jọ́ náà, ó kà á dé mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún, okùn tán.

Ó tú u. Ó tún un ká. Mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún.

"Ta ló gé okùn yìí?"

"Ta ni yóò gé e?" Sàfíátù ní. "Ẹ wo orí rẹ̀."

Òwú pupa ṣì wà ní orí méjèèjì, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án. Mùnírù gbé e lé ìṣó, ó jẹun, kò mọ ohun tó jẹ. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti fẹ́ sí okùn náà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó tún un ká. Àádọ́fà.

Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nǹkan tó mọ̀ ni. Kò sí ọmọ wọ́ọ̀fù tí kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà mélòó ni òun fúnra rẹ̀ ti sáré lọ dẹ okùn ọkọ̀ nígbà òjò, torí bí okùn bá mumi yóò sún kì, yóò sì máa fa ọkọ̀ mọ́ èbúté? Nǹkan tó mọ̀ dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ ni kò fìgbà kan rò ó nílé. Ní ọdún 1961, okùn yìí ti wà lórí pápá nínú òjò láti òwúrọ̀ kùtù. Ọgọ́rùn-ún ọ̀pá kọ́ ni òun sá. Bóyá ni ó fi pé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí òun ń bú ọrùn wọn ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ọgọ́rùn-ún gbígbẹ ni wọ́n ń sá, okùn tí èéfín ti yan gbẹ bí ẹja.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tó rí i. Ó gbé okùn padà sórí àjà, ó sì pinnu pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Àmọ́ láti ìrọ̀lẹ́ náà ni àga rẹ̀ kò ti dùn ún jókòó mọ́. Bí géńdé kan bá kọjá, yóò la ẹnu, yóò sì tún pa á dé. Àwọn aládùúgbò rò pé eyín ló ń dùn ún. Sàfíátù kò rò bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, Mùnírù kò lè mú un mọ́ra, ó lọ sí pápá láàárọ̀, ó fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tírélà kan. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú àpò lórí. Eré gidi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ ilẹ̀, orí rẹ̀ kò mì, àpò náà jókòó bí ẹni jókòó sórí àga. Ovie tẹ aago.

"Seventeen, ó lé díẹ̀," ni Ovie wí. "Kékeré báyìí ló lé."

Morádéún sọ àpò kalẹ̀, ó sì jókòó lé e. Sìmẹ́ńtì ti kùn ún lójú. "Bí ó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Mi ò lè kúrò níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ovie, ẹ̀yin mọ̀ wọ́n nígbà náà. Kí ló wà lẹ́sẹ̀ Bàbá tí kò sí lẹ́sẹ̀ tèmi?"

Ovie mi orí. "I no know, my daughter. Òun náà ló máa ń sọ pé ẹ ò ní ọrùn."

Ó dun Mùnírù. Ó ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pa ọmọ ẹlòmíràn lára láti ìgbà yìí, kò dùn ún. Ó wá bá ọmọ tirẹ̀, ó sì rí i bó ṣe ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jà á lólè.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ eré ṣe ń mọ́, Mùnírù ti débẹ̀ ṣíwájú gbogbo ènìyàn. Ó rọ omi kún àgbá tó wà lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́, ó ri okùn sínú rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí kò fi tú ìfóòfó mọ́. Lójú tirẹ̀, màgòmágó kọ́ ni. Okùn kan náà ni, omi kan náà ni. Ohun tí bàbá sá ni ọmọ náà yóò sá. Bí ó bá sì ré òun kọjá, tí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ nípa òjò 1961, ẹ̀sín rẹ̀ kò sì ní pọ̀. Ó na okùn, ó fi ẹfun fa ìlà sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ó sì ká okùn náà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú oòrùn. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ ọn nínú.

Ohun tó gbàgbé ni pé ọmọ òun nìkan kọ́ ni yóò sá lórí rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó sá ni Friday, ẹni tó ṣe ìkẹyìn lọ́dún tó kọjá, tó sì ti jẹ ẹ̀bà kó tó wá. Linus, akọ̀wé tó ń ka àpò lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀fù, ló dúró lópin pẹ̀lú aago. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó. Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sétí, ó tún wò ó.

"Sixteen," ni Linus wí, ohùn rẹ̀ sì kéré. "Mẹ́rìndínlógún ó lé. Friday ti ré mẹ́tàdínlógún kọjá."

Pápá dàrú. Wọ́n gbé Friday sókè, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ṣe. Wọn kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ tí ẹni kejì fi sá tirẹ̀, òun náà ré Mùnírù kọjá. Ẹni kẹta. Ẹni kẹrin, tó kọsẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àwọn èrò ń hó pé ayé ti lajú, pé ọmọ ìsinsìnyí ló ni eré. Mùnírù dúró lẹ́bàá ìlà ẹfun rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú ọyẹ́. Ó ń kà wọ́n. Ó ti búra láti gbé ẹni tó bá ré òun kọjá dé Boundary, wọ́n sì ti pé mẹ́sàn-án.

Morádéún ló sá kẹ́yìn. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, sìmẹ́ńtì ń kù lẹ́yìn rẹ̀ bí èéfín, Mùnírù gbàgbé ìbúra, ó gbàgbé pátákó, ó ké "Gbé e!" láìmọ̀. Linus wo aago. Mẹ́rìndínlógún géérégé. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn nínú gbogbo wọn.

Ovie nìkan ni kò hó. Ó ti ń wo ìlà ẹfun, ó sì ń wo Mùnírù. "Linus," ló wí, "Friday yìí, Friday tí a mọ̀? Abeg, go find tape."

Àwọn bíríkìlà ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí. Linus yá téèpù onírin lọ́wọ́ wọn, wọ́n wọn ilẹ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ọ̀pá, ó lé ẹsẹ̀ bàtà kan.

"Ilẹ̀ yìí ò pé," ni Linus wí. "A ò lè ka èyíkéyìí nínú ohun tí wọ́n sá lónìí. Seventeen ti Bàbá Morádéún ṣì dúró."

Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣàánú fún ẹlẹ́nu. Mùnírù kò ní láti sọ ohunkóhun. Kó kàn dákẹ́, ohun tí kò tíì ṣe rí láyé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wà lára pátákó títí di ọdún mìíràn, kò sì ní gbé ẹnikẹ́ni. Àwọn géńdé ń kùn, wọ́n ti ń tú ká. Ó wo Morádéún. Ọmọ náà kò kùn. Ó tún ti jókòó lé àpò rẹ̀, ó sì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ dúró," ni Mùnírù wí. "Okùn tó tutù ni. Èmi ni mo rẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí. Òjò ló rẹ ẹ́ ní ọdún 1961. Ohun tí mo sá lọ́jọ́ náà kò ju ohun tí ẹ sá lónìí lọ."

Ẹ̀rín bú.

"Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn," ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Ó fẹ́ fi irọ́ gbe ọmọ ẹ̀ ni!"

Ẹnu ya Mùnírù bó ṣe ń wò wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń sọ pé ẹrẹ̀ dé òun ní kókósẹ̀, pé ó dé òun ní orúnkún, wọ́n gbà á gbọ́. Ó wá sọ òótọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní ó ń purọ́. Inú bí i.

"Ẹ gbé okùn wá. Ẹ fi téèpù yẹn wọ̀n ọ́n."

Okùn náà ti wà nínú oòrùn àti ọyẹ́ láti àárọ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n: mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Okùn tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ ti gùn ju ilẹ̀ tó wọ̀n lọ. Ẹ̀rín dín kù. Mùnírù gbé e jù sínú àgbá, ó bọ́ sínú rẹ̀ tòun ti ṣòkòtò, ó tẹ okùn mọ́lẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ sì yí i ká, wọ́n ń wò ó bí ẹni wo ẹni tó ń fọ aṣọ ọlọ́pàá. Wọ́n fà á jáde, wọ́n wọ̀n ọ́n. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Àwọn àgbà wọ́ọ̀fù ń wo ara wọn, ojú sì ń tì wọ́n, torí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì dẹ okùn ọkọ̀ nínú òjò rí.

Linus ronú, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó wá dájọ́. Okùn tútù ni ti 1961, okùn tútù ni ti òní. Òní dúró. Orúkọ Mùnírù kúrò, ti ọmọ rẹ̀ wọlé.

"And the carry?" ni Ovie bi í. "Ó búra. Àwọn mẹ́wàá ni, mo sì ka Morádéún mọ́ ọn."

"Ẹni tó yára jù nìkan," ni Linus wí. "A kì í ṣe ìkà."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lójú ọ̀sán gangan, Mùnírù gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó sì kọjú sí Ajégúnlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì to gbogbo Creek Road, àwọn awakọ̀ tí kò tíì rí ohun wò láti ọjọ́ mẹ́ta ń fọn fèrè sí i. Sàfíátù jáde sí títì, ó rí ọkọ rẹ̀, ó rí ẹni tó wà lọ́rùn rẹ̀, ikọ́ kò sì lè bo ẹ̀rín náà mọ́lẹ̀ mọ́.

Mùnírù rù ú títí wọ́n fi sún mọ́ Boundary. Ọrùn rẹ̀ ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí èrò má baà gbọ́.

"Ohun tó dùn mí ni pé mi ò ní mọ̀ láé. Iye ìṣẹ́jú àáyá tí ǹ bá fi sá ilẹ̀ tó pé. Ó ti lọ."

Morádéún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀. Ó ṣàánú rẹ̀, àánú náà ló sì kó bá wọn. "Bàbá, òjò tó rẹ okùn fún yín, ó rẹ ẹ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Ovie náà. Orí ilẹ̀ kan náà lẹ jọ sá. Ẹ sì ṣíwájú wọn."

Mùnírù dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ nà díẹ̀díẹ̀. Ó yí padà tòun ti ẹrù ọrùn rẹ̀, ó sì ń wá ojú kan láàárín àwọn èrò tó ń tẹ̀ lé wọn.

"Ovie!" ló ké. "Ovie, súnmọ́ ibí! Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ!"

Lókè lórí èjìká rẹ̀, Morádéún fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.